Ọjọ́ Tí Mo Ka Ọmọ Ọlọ́mọ

Etí aṣọ ni mò ń ṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Aṣọ iléèwé ọmọbìnrin mi ni, aláwọ̀ búlúù. Èmi fúnra mi ni mo gé e, tí mo sì rán an. Mo ṣẹ́ ẹ sínú ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí n lè máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ń bi mí fún ìgbà kẹwàá bóyá ọmọ iléèwé máa ń gbé omi mímu tiẹ̀ dání ni, àbí olùkọ́ ló ń fún wọn.

Ìyàwó káfíńtà wọlé láì kágò. Ará Kétu ni, yàrá wọn kọjú sí tiwa, ọ̀rẹ́ mi ni. Láti òwúrọ̀ ló ti mú ọmọ tiẹ̀ lọ síléèwé láti lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú bàtà tuntun, ẹnu ọmọ ń gbọ̀n.

"Àjàṣẹ́," ó ní, nítorí orúkọ ìlú mi ni gbogbo wọn fi ń pè mí, "gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Wọn ò gbà á. Ọ̀gá iléèwé ní ọmọ mẹ́rin ni ìwé ìjọba mọ̀ nínú agboolé wa. Mẹ́rin ọ̀hún sì ti wọlé. Ó ní kí n mú tèmi padà sílé."

"Ọmọ mẹ́rin? Nínú yàrá wo? Yàrá alágbẹ̀dẹ wúrà nìkan, márùn-ún ló ń sùn níbẹ̀!"

"Má la ojú sí mi bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ bó ṣe jẹ́."

Mo mọ̀. Ohun tó ń ta mí lára gan-an nìyẹn. Mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, òmìnira Gabon ṣì tutù, ọ̀dà tí wọ́n fi kun òpó àsíá kò tíì gbẹ dáadáa. Ìjọba tuntun ní òun fẹ́ ka gbogbo ènìyàn tó wà ní Libreville, ọmọ onílẹ̀ àti àlejò, láti ojúlé dé ojúlé. Bàbá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú àwa Yorùbá tó wà ní Derrière la Prison, àdúgbò wa, pe àwọn ọkùnrin jọ lẹ́yìn ìrun alásàrì. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ. Àkọ́kọ́: ẹni tó bá ń ka iye yín, ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín ni. Èkejì: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó tán.

Ọkọ mi, ará Ìbàdàn tó ń ta abọ́ tánganran àti fìtílà lọ́jà, ló wá sọ ìpinnu wọn fún mi.

Mo ní, "Bí ó bá jẹ́ nítorí iléèwé ni wọ́n fi fẹ́ kà wá ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù Àjàṣẹ́, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ. Ìjọba wo ló ka èèyàn nítorí kó lè fún un ní nǹkan?"

Mo dákẹ́. Èmi tí mo ka ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Dàhòmì, èmi tí olùkọ́ wa ti ṣàlàyé fún pé iye ènìyàn ni ìjọba fi ń pín bẹ́ǹṣì, olùkọ́ àti oògùn, mo dákẹ́. N kò ní parọ́: ẹ̀rù ń ba èmi náà. Láti ìgbà tí àsíá ti yí padà ni "Pópò" tí wọ́n ń pe àwa ará Dàhòmì àti Nàìjíríà kò ti dùn létí mọ́. Tẹ́lẹ̀, "Pópò, mélòó ni iyọ̀?" ni. Báyìí, "Pópò, ìgbà wo lẹ ń lọ ilé yín?" ni. Mo rò ó pé bí wọn kò bá mọ iye wa, wọn kò ní lè lé wa. Bí ẹni pé ènìyàn lè sá pamọ́ lẹ́yìn igbá iyọ̀ tó ń tà fún wọn lójoojúmọ́!

Ní ọjọ́ ìkànìyàn, a kó àwọn ọmọ sínú ìsọ̀ tí káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé. Èmi àti ìyàwó káfíńtà la tì wọ́n mọ́lé. A fún wọn ní ẹ̀pà sísun kí ẹnu wọn lè dí. Ìyẹ̀fun igi wà nílẹ̀, ó ń wọ wọ́n nímú. Ọmọ mi fẹ́ sín, mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Láti àárín pákó méjì ni mo ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Bàbá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi Faransé ọjà dá a lóhùn. Ọkùnrin mẹ́ta. Ìyàwó méjì. Ọmọ? Ó ní kò sí ọmọ.

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ọmọ mẹ́rin wọlé pẹ̀lú korobá omi lórí. Àwọn aláìgbọràn agboolé wa ni. Àárọ̀ ni a ti ní kí wọ́n má jáde, wọ́n yọ́ jáde lọ ṣeré níbi omi. Wọ́n kí àlejò ní Faransé, wọ́n sọ orúkọ wọn, wọ́n sọ ọjọ́ orí wọn, ọ̀kan tiẹ̀ fi eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ hàn án. Bàbá Àgbà ń wò wọ́n bí ẹni ń wo olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ḿbà sára ilẹ̀kùn wa: mẹ́sàn-án. Agboolé tí a ti ń tò kí a tó wọ ilé ìwẹ̀, mẹ́sàn-án.

Lálẹ́, wọ́n na àwọn mẹ́rin yẹn. Ẹ gbọ́ o, wọ́n nà wọ́n! Àwọn gan-an ló sì wà ní kíláàsì lónìí.

Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo so gèlè, mo ní kí ìyàwó káfíńtà tẹ̀lé mi, a lọ síléèwé. Ọmọ Gabon ni ọ̀gá iléèwé náà, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Mo bá a sọ Faransé tí mo fi ẹ̀rù pamọ́ ní ọjọ́ ìkànìyàn.

Mo ní, "Mọ̀sié, ẹ̀ ń rí àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Ṣé ojú yín fọ́ ni?"

Ó ní, "Màdáámù, ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú mi ni wọ́n wò kí wọ́n tó kó bẹ́ǹṣì wá. Ìwé ni wọ́n wò. Olùkọ́ kan ni wọ́n fún mi fún gbogbo apá ibí yìí. Àwọn ará àdúgbò Avéa gba méjì, nítorí wọ́n ka ara wọn, títí kan èyí tó wà nínú ikùn."

"Ẹ jẹ́ kí tiwa jókòó sílẹ̀. A ó gbé ẹní wá."

"Ẹ wá wò ó."

Ó ṣílẹ̀kùn. Ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Àwọn kan ti wà lórí ẹní. Àwọn aláìgbọràn wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níwájú, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Ọ̀gá iléèwé tún wá fi ata sójú ọgbẹ́: ó ní òun gbọ́ pé ẹ̀rọ omi tuntun tí wọ́n fẹ́ rì, kì í ṣe apá ọ̀dọ̀ wa ni yóò wà. Ta ló ń gbé ẹ̀rọ omi fún ènìyàn mẹ́sàn-án?

Inú tó bí mi lójú ọ̀nà padà sílé, n kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Ó bí mi sí ọkọ mi. Ó bí mi sí Bàbá Àgbà. Ó bí mi sí ìjọba tó rí ọmọ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé tó sì ń wo bébà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ gbá létí jù lọ, inú aṣọ mi ló wà.

Àwọn ọkùnrin ti kírun alásàrì tán, wọ́n jókòó níwájú yàrá Bàbá Àgbà. Ọkọ mi wà láàárín wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. N kò dìde.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mélòó ló wà nínú agboolé yìí?"

Ó wò mí. "A kì í bèèrè bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ."

Wọ́n ń ṣeré lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo dìde, mo na ìka sí wọn. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Ariwo ta. Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, yọ láti ibi tó ti ń gé ilá. "Ẹnu ẹ! Ìwọ ọmọ yìí, pa ẹnu ẹ dé! Ta ló rán ẹ níṣẹ́ aburú?"

"Àrún. Ẹ̀fà."

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ wúrà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi ìró bò ó. "Bí nǹkan bá ṣe ọmọ mi, Ọlọ́run ló máa bi ẹ́!"

Mo ní, "Nǹkan ti ṣe é, ìyá mi. Kò ríléèwé lọ. Èje."

"Ó tó," ọkọ mi sọ.

"Kò tó, Bàbá ọmọ mi. Ẹ jókòó. Ẹ̀jọ."

Mo kà á dópin. Mẹ́tàlélógún. Ìyá Àgbà ń tutọ́ sílẹ̀, ó ń ní "kò ní ṣẹ, kò ní ṣẹ." Mo bá a ṣe àmín, nítorí èmi náà ní ọmọ nínú wọn. Ẹ má rò pé mo gbójú tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àgbà kò pariwo. Ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Nígbà tí mo kéré, òyìnbó wá kà wá nínú abúlé. Bàbá mi fi inú kan sọ òótọ́: ọmọkùnrin mẹ́rin. Kí oṣù tó parí, wọ́n gba owó orí mẹ́rin. Kí ọdún tó parí, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi iṣẹ́ àfipáṣe lójú ọ̀nà. A ò rí i mọ́. Bó o bá jẹ́ èmi, wàá gbà kí wọ́n kà ọ́?"

Ojú mi wálẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀rù yín kì í ṣe irọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa, kò nílò ìwé. Yóò wá sọ́jà, yóò rí wa. Ẹni tó fẹ́ pín nǹkan ló máa ń bèèrè iye. Gbèsè ohun tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n yín ṣe la ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n."

Mo rò pé yóò lé mi. Ó mirí, ó sì bi àwọn ọkùnrin tó kù léèrè pé ta ló mọ ibi tí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti òun la jọ lọ. Mo ti kọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún sílẹ̀. Àwọn ìyá wọn ló pè é fún mi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ìyàwó alágbẹ̀dẹ wúrà ló ṣe ìkẹyìn. Akọ̀wé gba bébà náà, ó kà á, ó ní ó dára, òun yóò fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí, wọ́n ti pín in tán. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Kí ló wí?" Bàbá Àgbà bi mí.

Mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bi í bóyá wọ́n kọ èmi náà síbẹ̀. Mo sọ fún ọmọdékùnrin tó wá kà wá yẹn pé àlejò ni mí, pé ọ̀la ni mò ń lọ."

Ọdún tó ti lò ní ìlú yìí ju ọjọ́ orí mi lọ! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ gbà mí. Mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ti wọ aṣọ búlúù náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí n kò tíì yọ lára rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà ti sọ fún un pé kò ní lọ. Ó bi mí bóyá nítorí pé Pópò ni òun. Mo yọ abẹ́rẹ́ náà, mo gbé ọmọ sí itan mi, mo wá sọ òótọ́ fún un. Mo ní kì í ṣe nítorí Pópò, kì í sì í ṣe pé kò gbọ́n. Mo ní ìjọba ní kí a wá sọ pé ó wà, àwa àgbà sì ní kò sí, èmi ìyá rẹ̀ wà lára wọn, mo sì mọ̀ pé kò dára nígbà tí mo ń ṣe é. Mo ní a ó máa kọ́ ABD lórí tábìlì ìránṣọ láràárọ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Mo ní, "Má bínú sí mi, màmá mi." Ó ń wo ojú mi. Mo wá ní, "Tàbí kẹ̀, bínú. Ó tọ́ sí ẹ."