Èédú Tí Kò Rú Èéfín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí n tó di àgbàlagbà tó ń fọgbọ́n rìn lórí yìnyín Maryland yìí, èmi náà ṣe kékeré rí, nílùú Ọ̀yọ́. Nígbà náà, bí ọyẹ́ bá mú, tí abiyamọ sì wà nílé, àwọn ìyá wa á fi àpáàdì kó ẹyín iná, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: èédú náà gbọ́dọ̀ pọ́n dáadáa níta kí èéfín rẹ̀ sì tán kí wọ́n tó gbé e wọlé. Èéfín ni ọ̀tá. Bí kò bá ti sí èéfín, a máa sùn fọnfọn. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà.

Ọgbọ́n yẹn lèmi àti ìyàwó mi dì mọ́ ẹrù wa wá sí Amẹ́ríkà, ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìyàwó ọmọ wa bímọ, tí a wá bá wọn tọ́jú ìkókó ní Accokeek, ní Maryland yìí náà. Inú igbó nilé wọn wà, ilé kejì jìnnà sí i. Lọ́jọ́ kan, òjò tó ń rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ẹ̀ka igi, igi ń ya lu wáyà, iná sì lọ. Ọmọ wa ti lọ síbi iṣẹ́ ní DC, ọ̀nà ti dí, kò lè padà wálé. Ó wá ku àwa arúgbó méjì, ìyá ìkókó, àti ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan.

Òtútù wọlé kíákíá. Hítà oníná dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lásán. Hítà oníkẹrosíìnì wà nínú gáréèjì, ọmọ wa ti rà á ní Landover, pẹ̀lú kẹrosíìnì rẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù. Ìyàwó ọmọ wa fẹ́ lọ gbé e, ni ìyàwó mi bá dì í lọ́wọ́ mú.

"Kẹrosíìnì kẹ̀? Nínú yàrá ọmọ? Kò ṣẹlẹ̀."

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Láyé ìgbà yẹn nílé, wọ́n ń da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì, sítóòfù sì ti bú gbàmù mọ́ àbúrò rẹ̀ lójú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Èédú tí wọ́n fi ń sun ẹran lẹ́yìn ilé ló mú. Ó dáná sí i níta, a dúró títí ó fi pọ́n yòò, a wá gbé e wọlé nínú agbada irin. Ìyàwó ọmọ wa kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Charcoal inú ilé, wọ́n ní it's not safe o."

"Èéfín dà níbẹ̀? Ọmọ mélòó lo ti tọ́ rí?"

Ìyàwó ọmọ wa wojú mi. Èmi wojú iná. Ó dìde kúrò nídìí iná náà, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Yàrá móoru, inú wa dùn. A ti fi táwẹ́ẹ̀lì dí gbogbo ẹnu fèrèsé. Nígbà tó ṣe, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo ní ebi ni. Ìyàwó ọmọ wa ní èébì ń gbé òun. Ìyàwó mi gbé ọmọ sáyà, ó ní kí n wo bó ṣe ń gbádùn oorun. Mo fi ìka rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ tó máa ń tapá tasẹ̀, kò mira. Mo tún rin ín.

Mo fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Mo fàyà fà dé ẹnu ọ̀nà, mo ṣí i gbayawu, mo ní kí wọ́n gbé ọmọ jáde.

"Òtútù á pa á," ni ìyàwó mi ń wí, ó sì di ọmọ mú pinpin.

Ìyàwó ọmọ wa ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì bọ́ sórí yìnyín láìwọ bàtà. Ibẹ̀ la wà tí à ń pe ọmọ lórúkọ, tí kò dáhùn. A ń pè é ṣáá. Lẹ́yìn náà ló sín, ó wá ké.

Àwọn panápaná tí ìyá rẹ̀ fi fóònù pè fi agbára káká dé. Wọ́n gbé gbogbo wa lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú. Wọ́n ní èédú tó pọ́n, tí kò rú èéfín, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ní hítà oníkẹrosíìnì náà gan-an, a gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé díẹ̀ fún un, a ò sì gbọdọ̀ sùn tì í.

Mo wá ronú kan yàrá wa l'Ọ̀yọ́. Àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù rẹ̀ gba ológbò, fèrèsé rẹ̀ kì í sì í pa dé. Atẹ́gùn tí a ń ṣépè fún lálaalẹ́ ló ń gbà wá là. Ilé ayé òde òní ò ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí, Òyìnbó ló fi ń kí wa. Nígbà tèmi, ẹnikẹ́ni kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà, ká má tíì wá sọ ti ìyá ọkọ. Mo ṣì máa ń gbóríyìn fún ẹ̀kọ́ ilé àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ ilé ìyàwó ọmọ wa bá fi díẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, à bá ti sin ọmọ yẹn.