Èènì Bàbá Keturah

Ọlọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ògúnṣọlá ní Igbó-Ọrà títí di òní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìbàdàn, ó fẹ́ wọ bàálù lọ sí Àbújá. Ọmọbìnrin tó ń wọn ẹrù wo òṣùwọ̀n, ó ní ẹrù bàbá kéré, pé nítorí káàdì oníbàárà tó wà lọ́wọ́ wọn, àwọn fún wọn ní kílò mẹ́wàá lé lọ́fẹ̀ẹ́. Ògúnṣọlá ní kó dá báàgì náà padà. Ó jáde, ó sọdá títì, ó ra ọlọ ata lọ́wọ́ obìnrin kan, ó gbé òkúta náà lérí, ó padà wọlé.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ọlọ ṣe ní Àbújá?"

"N ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Èènì mi ni mo fẹ́ kó pé."

Láfún ni Ògúnṣọlá ń tà. Ẹni tó bá sì ti nájà ní Ìbàràpá mọ̀ pé bí wọ́n bá wọn láfún fún ọ, tí wọn ò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, wọ́n lé ọ lọ nìyẹn. Ọkọ̀ ẹrù ló ń gbé láfún rẹ̀ lọ sí Àbújá. Òun a wá wọ bàálù lọ gbowó, torí ojú ọ̀nà ò dáa mọ́. Bàálù tí wọ́n ya àwòdì sí nírù ló ń wọ̀. Wọ́n ní gbogbo ìrìn rẹ̀ làwọn yóò máa kọ máàkì fún, pé bí máàkì bá pé, àwọn yóò gbé ẹnì kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ilé ire ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ṣèlérí ìrìn ọ̀fẹ́ náà fún. Lọ́dún yẹn ni Keturah, ọmọ wọn tó wà ní Àbújá, bí ìbejì. Ògúnṣọlá jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ọlọ́run pàápàá mọ oníbàárà, ó fi èènì sí i."

Ohun kan ṣoṣo ni Àríkẹ́ ń fẹ́: kó pọn àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn. Ó ní ọmọ tó bá ti ń sáré kì í dúró de ìyá àgbà. Ó ra ọ̀já tuntun, ó ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń dúró de máàkì.

Máàkì ò yá. Káàdì náà máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá kan ní pápákọ̀, níbi tí atẹ́gùn tútù wà, tí oúnjẹ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni Ògúnṣọlá wà lọ́jọ́ kan tó ń jẹ míìtìpáì, wọ́n pè é títí, kò dìde, àwo kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Bàálù gbéra. Nígbà tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìsọ̀ láfún, ó ní kò yé wọn. Bàálù lòun fi owó rà, òun sì lè tún un rà. Ta ló ń ra èènì?

Kò pẹ́ ni Godwin, ọkọ Keturah, pè sórí fóònù. Ó ní bàálù mìíràn ti dé, èyí tí wọ́n ya lékeléke sí, pé owó tí bàbá fi ń wọ àwòdì lẹ́ẹ̀kan yóò gbé bàbá àti màmá, ṣẹ́ńjì á tún kù. Àríkẹ́ ti dìde, ó ń wá ọ̀já. Ògúnṣọlá béèrè bóyá wọ́n máa ń fi èènì sí i. Godwin ní rárá o, omi pàápàá, títà ni wọ́n ń tà á nínú bàálù náà.

"Ẹ̀hẹ́n," ni Ògúnṣọlá wí. "Mo ti mọ̀ pé olè ni wọ́n."

"Bàbá Keturah, ẹni tó ń tà á ní ìdajì lẹ̀ ń pè lólè?"

"Àríkẹ́, oníbàárà ni mí. Wọ́n ń kí mi lọ́jọ́ ìbí mi."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Ògúnṣọlá. Akọ̀wé tó ṣe káàdì ló fojú díwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìkíni náà ti ń wọlé sórí fóònù, ọjọ́ yẹn ló ń pa adìẹ.

Nígbà tó ku ìrìn kan kí máàkì pé, kò ní láfún tó fẹ́ tà, kò sì ní owó tó fẹ́ gbà. Ó wọ bàálù lọ sí Àbújá, ó jókòó sí pápákọ̀ wọn, ó jẹ búrẹ́dì, ó wọ èyí tó ń padà bọ̀. Àríkẹ́ bi í bóyá ara àwọn ìbejì le.

"Mi ò débẹ̀. Bí mo bá yà, oúnjẹ wọn á dá mi dúró. Ṣebí ìwọ lò ń kánjú?"

Máàkì pé. Ó ní kí àwọn wa iṣu tuntun tán, kí àwọn má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó jẹun tán, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀ lábẹ́ igi òrombó. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Keturah gbé káàdì lọ bá àwọn alámì àwòdì. Wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n ní máàkì olóògbé kò ṣe é jogún. Nígbà tí wọ́n sọ fún Àríkẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó ní, "Bàbá yín nìyẹn. Ó kó èènì rẹ̀ lọ."

Lékeléke ló wọ̀ níkẹyìn. Wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó wúwo ju ohun tó sanwó fún. Wọ́n ní kí ni màmá dì. Ó ní ọlọ ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀, pé ẹ̀rọ ìlọta pọ̀ ní Àbújá. Àríkẹ́ tú etí ìró rẹ̀, ó sanwó. Gbogbo owó tí Lékeléke fi kéré sí ti Àwòdì, orí òkúta ló bá lọ.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná Keturah ni àwọn ọlọ tí bàbá ti ń gbé wá lọ́kọ̀ọ̀kan kí èènì rẹ̀ lè pé tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Táyé jókòó lórí ọ̀kan, Kẹ́hìndé lórí òmíràn, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sáré tipẹ́. Ọ̀já tuntun ṣì wà ní èjìká Àríkẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọlọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní ìparí ìlà náà, ó rọra fọwọ́ nù ún. Bó ṣe tẹ̀ síbẹ̀, Kẹ́hìndé sáré wá, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tó di ọ̀já mọ́ ọn, Táyé ti rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Màmá, ẹ̀yìn yín o," ni Keturah wí. "Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan kalẹ̀."

"Fi í sílẹ̀. Èènì bàbá rẹ nìyẹn."