Ọkọ Mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n tí Ìlú Méjì Ń Dù

Háà! Bàbá Tóyìn, ẹ ti lọ nìyẹn. Ó dìgbà kan ná o, ọkọ mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jósáyà Oyèkànmí, ọmọ Ajílété tí wọ́n bí sí Lomé, ẹni tí àwọn aṣojú ìjọba máa ń fetí sí, tí àwọn zémijàn alálùpùpù sì máa ń rẹ́ jẹ lójoojúmọ́. Ikú ṣe ìkà lóòótọ́.

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ìsìnkú yìí. Tóyìn, ọmọbìnrin wa àgbà, ní kí n ṣáà sọ ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó rẹ̀ mí. Ilé ìwòsàn ti sú mi, àìsùn ti sú mi, kódà “ẹ kú ará fẹ́ra kù” tí gbogbo ayé ń kí mi ti ń sú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi. Ẹ ṣeun, ẹ kò ní fi irú rẹ̀ gbà á.

Àwọn òbí yín wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta abọ́ tánganran ní Lomé, wọ́n sì rò pé ìdí ọjà náà ni ẹ ó jókòó sí. Ṣùgbọ́n láti kékeré lẹ ti ń da Màmá láàmú pé kí ló dé tí abọ́ kan náà fi ń di nǹkan mìíràn tó bá ti kúrò ní Kodjoviakopé ní Lomé tó kọjá ibodè bọ́ sí Aflao ní ilẹ̀ Ghana, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ń kí ara wọn láti orí ìjókòó wọn. Màmá máa ń sọ pé ìbéèrè yẹn ló gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ẹ tẹ̀lé ìbéèrè náà dé Yaoundé ní Cameroon, ẹ gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń bá èkejì lò, ẹ padà wá kọ́ni ní yunifásítì Lomé, ẹ sì fẹ́ èmi aránṣọ àdúgbò Adakpamé. Ẹnu ya àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹnu ya èmi náà.

Oyè ọ̀jọ̀gbọ́n kò tètè wá. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò ní ọ̀rọ̀ ibodè wẹ́wẹ́ lẹ ń kọ, kí ẹ lọ kọ nípa àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá. Ẹ ka ìwé wọn, ẹ yọ awò ojú yín, ẹ ní, “Ìyá Tóyìn, ibodè tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ni mo mọ̀.” Ẹ tún jókòó, ẹ ń kọ nípa ibodè. Gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ gbóná, àwọn ọmọ pọ̀ ju àga lọ, ẹ ó ké títí ohùn yín á fi há, ẹ ó dé sí ìsọ̀ mi, ẹ ó fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí oyè náà dé níkẹyìn, orí yín ti funfun. A se ìrẹsì, a pe àlejò, ẹ sì sùn lọ lórí àga kí wọ́n tó gbé abọ́ kúrò nílẹ̀.

Ìsọ̀ mi yẹn náà ni ẹ ti máa ń dán ẹ̀kọ́ tuntun wò. Ẹ̀rọ ìránṣọ á máa ké, ẹ̀yin náà á máa ké lé e lórí. Báyìí ni èmi tí n kò ka ìwé lọ títí ṣe mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àdéhùn. Ẹ máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí àgbàlá wa, ẹ ó pín wọn sí orílẹ̀-èdè tó ń jà nítorí odò, ẹ ó sì ní kí wọ́n parí ìjà náà kí wọ́n tó jẹun. Òfin kan ṣoṣo lẹ fún wọn: kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò dìde nídìí ìpàdé lọ́wọ́ òfìfo, nítorí ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfìfo, ìjà ló lọ mú wá. Kúnlé, ọmọkùnrin wa, mọ òfin yìí débi pé tí mo bá nà án, á béèrè ohun tí òun máa rí gbà nídìí rẹ̀.

Orí ibùsùn àìsàn lẹ ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Abra, ọmọ ìlú Atakpamé tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín ìkẹyìn, ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn abúlé ibodè sí yín létí, ẹ dijú, gbogbo wa rò pé ẹ ti sùn. Ẹ ní, “Ó gùn jù, ọmọ mi. Kí ni àwọn abúlé yẹn rí gbà?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ síta, ó lọ sunkún.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rí i tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu yín. Nígbà tí Bàbá, bàbá yín, kú sí Lomé ni. Àwa ọmọ ilé tó wà níhìn-ín kì í fẹ́ kí òkú àgbà sùn sí àjò, nítorí náà ẹ gbé Bàbá, ó di ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ibodè kan lójú ọ̀nà, ọ̀gá kan ní àfi kí òun rí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára Bàbá. Òkú! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé òfin fàyè gba gbogbo wa láti máa lọ ká máa bọ̀, ẹ jókòó ti pósí nínú oòrùn títí ilẹ̀ fi ṣú kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ kọjá. Nígbà tí ẹ sin ín tán tí ẹ padà dé Lomé, ẹ ní, “Mo jẹ́ kí wọ́n fi Bàbá wọ́lẹ̀.” Ẹ sunkún bí ọmọdé. Mo wá bi yín pé níbo ni kí á sin ẹ̀yin náà sí tí ọjọ́ bá pé. Ẹ ní ṣé ikú ti ń kanlẹ̀kùn ni, ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ gbogbo ayé lẹ bá wọn parí, ẹ fi tiyín sílẹ̀ fún mi.

Kí omijé mi tó gbẹ, Bọ̀ọ̀dá Délé, àbúrò yín, ti kó àwọn àgbà ẹbí dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni Ẹ̀gbọ́n máa sùn sí.” Kúnlé fò dìde, ó kó Faransé bo àbúrò bàbá rẹ̀: “Non, tonton! Ibí ni wọ́n bí Papa sí, ibí náà la máa sin ín sí. C’est fini, ó parí.” Bọ̀ọ̀dá Délé wò ó títí, ó ní, “Ṣé ọmọ tí mo gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí?” Ni ariwo bá ta. Tóyìn ń sunkún, àwọn àgbà ń fi ọ̀pá lulẹ̀, ẹ̀yin alára sì wà ní mọ́ṣúárì, ẹ kò dá sí i. Ẹ̀rù bà mí pé ibẹ̀ ni ẹbí yín máa fọ́ sí.

Orí ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ọwọ́ òfìfo yẹn tó. Mo ní kí wọ́n bu omi fún gbogbo wọn. Mo ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí kò lè lọ sílé láìmú dání. Bọ̀ọ̀dá Délé ní, “Àwọn ọmọ ilé máa bi mí pé níbo ni Ẹ̀gbọ́n wà. Ilẹ̀ wo ni mo fẹ́ nawọ́ sí?” Kúnlé ní òun ń fẹ́ ibi tí òun lè yà sí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú láìkọjá ibodè kankan. Ni bàbá àgbà kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ bá ní, láyé àtijọ́, tí òkú bá jìnnà sílé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé lọ sílé, kí wọ́n sin ín bí òkú. A wo ojú Pásítọ̀ wa. Pásítọ̀ ní etí ti ń dun òun láti àárọ̀, òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ara yín á sùn sí Lomé, irun àti èékánná yín á lọ sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, pẹ̀lú òkúta tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé àti Kúnlé dì mọ́ra, wọ́n sunkún. Wọ́n jẹun. Wọ́n ní mo ṣe bí Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an, wọ́n sì dìde pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi mí pé, “Ìyá Tóyìn, tiyín ńkọ́?”

Nítorí náà mo mú tèmi. Èmi ni wọ́n ní kí n gé irun àti èékánná náà, nítorí èmi ni mo ń gé e fún yín nígbà àìsàn. Bọ̀ọ̀dá Délé, ọkọ mi, ibí lẹ ó ti kà á: irun wà nínú aṣọ funfun tí mo dì fún yín, èékánná ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ti ọwọ́ ọ̀tún wà níbẹ̀. Ti ọwọ́ òsì kò sí níbẹ̀. N kò gé e. Ọwọ́ yẹn ni mo fi òrùka sí, òun náà ni mo dì mú títí tó fi tutù. Mo gbé abẹ sí i, n kò lè ṣe é. Bí ẹbí bá máa bínú, kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi, nítorí n kò lágbára ìpàdé mìíràn mọ́.

Bàbá Tóyìn, ọwọ́ òsì yín pé. Ẹ máa mú un lọ bẹ́ẹ̀, kí n lè rí i dì mú tí èmi náà bá dé. Ẹ sùn re o, ọkọ mi.