Ọjọ́ tí Màámi Kúnlẹ̀ ní Ọ́fíìsì Dókítà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, kí n ro ẹjọ́ tí wọn ò jẹ́ kí n rò níbi tó yẹ kí n ti rò ó. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbóná nínú mi. Tí ohùn mi bá le jù, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ o. Mo ti fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Másítà ni mò ń ṣe, ní yunifásítì kan lápá Yaba níbí. Omi bọọ́hòlù ní Muṣin ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Ojúlé sí ojúlé ni mo gbé ike kiri, tí mo ń bu omi tí àwọn èèyàn ń mu. Lánlọ́ọ̀dù kan tiẹ̀ lé mi jáde, ó ní ìjọba ló rán mi wá láti wá ti bọọ́hòlù òun pa! Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà, ní orí kẹta. Ẹ rántí lánlọ́ọ̀dù yìí o, ó ṣì ń bọ̀ wá jẹ́rìí.

Ilé àyẹ̀wò omi kan ní Ìdí-Àràbà ti ní àwọn máa gbà mí síṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí másítà nìkan ló kù. Màámi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sùúrùlérè. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Ṣé ẹ mọ bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣe ń yọ̀?

Ẹ wá gbọ́. Ilé-ìwé wa ní ẹ̀rọ kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń yẹ iṣẹ́ wò, bóyá èèyàn jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ẹ̀rù ẹ̀rọ yìí ń ba gbogbo wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀, á kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ní Yaba, kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ kan náà yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ṣáájú wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbé tèmi lọ, ó mọ́ kedere, mo dúpẹ́, mo gbé e fún Dókítà.

Dókítà ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi. Mi ò ní pè é ní "wọn" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà nítorí ìyẹn, kó wá.

Ó pè mí lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ní ẹ̀rọ ti tú mi fó, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iṣẹ́ mi pátá ló wà nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ìwé mìíràn. Ó ní òun ò mọ̀ pé olè lòun ń tọ́. Olè! Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n ní mo jí kọ. Ó ní kí n lọ dúró de ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà.

Màámi bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá mo ṣe é. Mo ní rárá, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a ní láti lọ bẹ Dókítà. Mo ní, "Màámi, kí la fẹ́ torí ẹ̀ bẹ̀ ẹ́? Mi ò ṣe nǹkan kan!"

Wọ́n ní, "Ta ló sọ pé o ṣe nǹkan? Inú ló ń bí i. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó mọ ẹ̀kọ́ ilé. Jẹ́ kínú ẹ̀ rọ̀ ná, á wá jókòó gbọ́ àlàyé."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, ṣé ẹ lè dá Màámi lẹ́bi? Láti kékeré, tí àgbà bá ti bínú, "ẹ má bínú, sà" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Àlàyé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ ń ṣàlàyé, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

A lọ. Màámi wọ ìró àti bùbá tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ gba oúnjẹ Olúwa. Bí a ṣe wọlé báyìí, wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, tàwọn ti eékún tó ń dùn wọ́n. Èmi náà kúnlẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n ní kí Dókítà jọ̀ọ́, kó dárí jì wá, kó fi ti ọmọ ṣe, pé ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn ní nìyí. Dókítà dìde kíá, ó fọwọ́ méjèèjì gbé wọn dìde. Ó ní, "Ẹ dìde, mà. Ó ti tán." Ó ti tán! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Màámi kọrin ọpẹ́ títí a fi délé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó gan-an ni wọ́n tó pè mí lórí fóònù. Wọn ò fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́. Wọn ò fi ohun tí ẹ̀rọ rí hàn mí. Kò sẹ́ni tó sọ pé mo lè mú èèyàn dání. Èmi nìkan ni mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn.

Obìnrin tó jẹ́ alága ò tiẹ̀ béèrè bóyá mo ṣe é. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí Dókítà kọ fún wọn: pé èmi àti ìyá mi wá bá òun ní ọ́fíìsì, a kúnlẹ̀, a jẹ́wọ́, a ní kóun dárí jì wá.

Orí mi fò lọ! Mo wo Dókítà. Pépà tó wà níwájú ẹ̀ ló ń wò.

Mo ní òótọ́ ni a bẹ̀ ẹ́, mà, ṣùgbọ́n... Alága ní ó ti tó. Ó ní ta ló ń tọrọ ìdáríjì fún ohun tí kò ṣe? Ẹ gbà mí o! Yorùbá ló pọ̀ jù nínú yàrá yẹn. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò bẹ àgbà rí kí àlàáfíà ṣáà lè wà. Wọ́n mọ̀!

Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún sáà kan. Wọ́n da iṣẹ́ mi nù. Ilé àyẹ̀wò omi yẹn dúró dè mí díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gba ẹlòmíràn.

Àǹtí Fúnkẹ́, tó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́ka wa, ló bi mí bóyá mo ti ka ìwé òfin àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé wo? Ìwé tí wọ́n pín fún wa lọ́jọ́ tí a wọlé, tí mo ti fi há fèrèsé tí kò ṣeé tì! Ó wà níbẹ̀ gbangba pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ẹ̀rí kí wọ́n tó pè mí, pé mo lè mú ẹnì kan dání, pé mo sì lè pẹjọ́ tí ìdájọ́ wọn ò bá tẹ́ mi lọ́rùn. Àǹtí bá mi kọ̀wé béèrè ẹ̀rí náà.

Nígbà tó jáde, kí la rí nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé mìíràn yẹn? Lánlọ́ọ̀dù mi! Lánlọ́ọ̀dù Muṣin tó lé mi jáde! Iṣẹ́ ara mi ni wọ́n ní mo jí kọ. Orúkọ ilé-ìwé kan lókè òkun ni ṣọ́ọ̀bù Yaba yẹn fi wọ orí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ sì tọ́jú iṣẹ́ mi síbẹ̀. Mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣí i, orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀.

Mo pẹjọ́, ìgbìmọ̀ kejì sì gbà kí n mú Màámi dání. Bí a ṣe wọlé, eékún wọn ti ń tẹ̀, wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn. Mo di apá wọn mú. Mo ní, "Màámi, ẹ má kúnlẹ̀." Níwájú gbogbo èèyàn! Èmi tí wọ́n kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Wọ́n dúró, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Ó dùn mí ju olè tí wọ́n pè mí lọ.

Ìgbìmọ̀ yẹn gbà pé èmi ni mo ni iṣẹ́ mi, wọ́n sì yọ ẹ̀sùn náà kúrò. Ṣùgbọ́n sáà ti lọ, iṣẹ́ Ìdí-Àràbà ti lọ. Kò tíì sí ọ̀gá mìíràn tó gbà láti bójú tó mi. Dókítà ò sì sọ "ẹ má bínú" títí di òní.

Màámi ò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí ni wọ́n kàn ń mì. Àwọn èèyàn rò pé eékún ni. Nígbà mìíràn, tí a bá ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n á ṣàdédé bi mí pé, "Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé-ìwé, ẹ gbọ́ tèmi. Tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn yín, ẹ má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn yín. Ẹ lọ yọ ìwé òfin yín níbi tẹ́ ẹ há a sí, kẹ́ ẹ kà á. Ẹ má dá wọ yàrá yẹn láéláé. Wọ́n á ní ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n máa wí!

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Màámi náà máa kà á, orí fóònù mi ni wọ́n ti ń kà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn ló bà á jẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí, wọn ò gbà mí gbọ́.