Jíìpù Tí Bàbá Mi Yàn

Wẹ́dà ni mí. Géètì ni mo ń jó ní Okokomaiko, géètì àti irin ojú fèrèsé, ó ti lé ní ogún ọdún. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mi ò mọ irin ni. Mo mọ irin. Mo mọ èyí tó ń gbé ẹrù, mo mọ èyí tí wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú mi ṣe é.

Bàbá mi ló fà á tí a fi ń wá ọkọ̀ tó lè rin inú igbó. Ọdẹ ni wọ́n láti kékeré, wọ́n sì ní oko ẹ̀gẹ́ sí ìhà ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́yìn Agbára, níbi tí títì ti parí tí ọ̀nà oko bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ orí wọn lé ní àádọ́rin, mo kó àwọn àti Màámi wá sọ́dọ̀ mi ní Iba, mo fún wọn ní yàrá tó kọjú sí géètì. Àmọ́ Bàbá ò fi oko sílẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n máa ń gùn wọlé láti títì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà gbé wọn ṣubú, wọ́n fi èjìká lélẹ̀, ìdí ìbọn wọn sì là sí méjì. Wọ́n búra pé àwọn ò ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé àwọn.

Bí wọ́n ṣe wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu géètì mi láti àárọ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀. Oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́. Wọ́n ń gbẹ lójú mi. Màámi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní bí mi ò bá wá ọ̀nà tí bàbá mi á fi máa dé oko, tí wọ́n á sì padà wálé láìfarapa, ẹnu géètì yẹn ni wọ́n máa kú sí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀. Ìyàwó mi ní kí n má gbàgbé pé òun náà wà láyé. Ọmọ mẹ́rin la bí, pẹ̀lú Bàbá àti Màámi, èèyàn mẹ́jọ ni wá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ. Bí òjò bá rọ̀ ní Iba, ojú ọ̀nà wa a máa di odò, inú láílọ́ọ̀nù ni ìyàwó mi ń gbé sùtánà rẹ̀ sí títí tó fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun fẹ́ ọkọ̀ tó ga kúrò nínú omi, òun ò sì ní jókòó ti ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní mo ti gbọ́.

Èmi, òun àti Bàbá la jọ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì, kò jìnnà sí bárékè àwọn sójà ní Ọ̀jọ́. Èyí tí ìyàwó mi kọ́kọ́ fẹ́ràn jẹ́ ọkọ̀ rírẹwà kan tó ní ìjókòó méje, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti ìkúùkù wọn sábẹ́ ikùn rẹ̀, ìkúùkù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé. Wọ́n dìde, wọ́n ń lọ. Èmi, pikọ́ọ̀pù kan ni ojú mi wà lára rẹ̀, torí mo ti ń ro irin tí màá máa fi kó. Ìyàwó mi bi mí bóyá ẹ̀yìn níbẹ̀ ni màá máa da àwọn ọmọ òun sí bí ewúrẹ́. Mo fi pikọ́ọ̀pù sílẹ̀.

Ìkẹta ni jíìpù. Ó ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ ti ya lápá kan, àmọ́ ó ga, ó fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìn. Ọwọ́ jíà kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ńlá. Ọkùnrin náà ní bí a bá ti fa ìyẹn, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láá máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bàbá ní àwọn gbọ́, àwọn fẹ́ rí i. Kòtò oníyanrìn kan wà lẹ́yìn ibẹ̀, wọ́n ní kó wà á wọ inú rẹ̀. Ọkùnrin náà kùn, ó wà á wọlé, jíìpù rì sí yanrìn. Bàbá lóṣòó síwájú, wọ́n tẹjú mọ́ taya. Nígbà tí ọkùnrin yẹn fa ọwọ́ jíà kékeré, taya iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó bu yanrìn, ó sì wọ́ gbogbo ọkọ̀ náà gòkè wá sí ilẹ̀ tó le. Bàbá gbọn yanrìn kúrò lára ṣòkòtò wọn.

Wọ́n ní, "Gbogbo mọ́tò ló ń wọ igbó. Èyí tó máa gbé mi jáde ni kó o rà."

Mo rà á. Ìyàwó mi bínú díẹ̀ nítorí ìjókòó tó ya, ó rán an fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ rọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, mo máa ń gbé Bàbá lọ sí oko, wọ́n á sì gbé ọ̀yà tàbí òkété bọ̀, wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀ láti Agbára títí a ó fi dé ilé. Wọ́n padà ń jẹun. Wọ́n ń bá àwọn ọmọ jà lórí ẹran, Màámi ń rojọ́ pé ariwo ti pọ̀ jù nínú ilé, inú wọn sì ń dùn sí i.

Lẹ́yìn náà ni epo gbówó lórí, ó tún gbówó lórí. Jíìpù yẹn ń mu epo bí ọ̀mùtí. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi ní Ajangbadi pé kó bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ọ̀pá irin gígùn kan tó ti àárín lọ sí iwájú, ṣáàfù ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìyẹn ló ń gbé agbára lọ sí taya iwájú, ó sì ń yí lásán ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń rìn lórí títì. Ó ní àwọn èèyàn púpọ̀ l'Ékòó ti yọ tiwọn. Kí n yọ ọ́, kí ọkọ̀ fúyẹ́. Ọjọ́ tí mo bá ní oko í lọ, kí n gbé e wá, òun á so ó padà, kò ní pẹ́ rárá.

Mi ò lè sọ pé ó tàn mí. Mo mọ̀ pé irin tó ń yí lásán ń jẹ agbára. Mo sì mọ ohun tí ọkọ̀ náà máa dà lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́. Mo ní kó yọ ọ́. Mo gbé ṣáàfù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tì í sábẹ́ bẹ́ńṣì. Mi ò sọ fún Bàbá, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, torí ó máa sọ fún Bàbá. Mo ní bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá dá a padà. A lọ oko lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gbẹ, nǹkan kan ò ṣe wá, epo sì dín díẹ̀. Mo wá ń rí ara mi bí ọlọ́gbọ́n.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní Sátidé la ń lọ. Ó yẹ kí n gbé ọkọ̀ lọ sí Ajangbadi ní Fúráìdè. Mo máa ń sọ fún ara mi pé géètì oníbàárà kan ni kò jẹ́ kí n ráyè lọ. Irọ́ ni. Ìmẹ́lẹ́ ni. Mo parí géètì yẹn ní ọ̀sán, mo jókòó, mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo sì wo ọ̀run pé kò ṣú.

Àwa méjèèjì péré la lọ ní àárọ̀ Sátidé. Àbàtà kan wà lọ́nà oko yẹn, ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ tí omi òjò máa ń gbà kọjá. Nígbà tí à ń lọ, ó gbẹ, a gbà á kọjá bí ẹní ń rìn ní pálọ̀. Inú oko la wà tí òjò dé, òjò ńlá, ó rọ̀ dáadáa kó tó dá. Bàbá ò bìkítà. Abẹ́ ahéré la sá sí, wọ́n ń sọ fún mi nípa ajá kan tí wọ́n ní nígbà tí wọn ò tíì gbéyàwó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wọn. Bí òjò ṣe dá, wọ́n yìnbọn lu ọ̀yà kan, ó ṣubú sínú pápá. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti fà á jáde. Wọ́n fa ọwọ́ náà padà wéré.

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní paramọ́lẹ̀ ni, kí n gbé ọkọ̀.

Láti oko yẹn dé ilé ìwòsàn tó wà lẹ́bàá títì kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo ń sá eré, mo ń gbàdúrà, mo sì mọ ohun tó wà níwájú. A dé àbàtà, ó ti di ẹrẹ̀. Iwájú ọkọ̀ wọlé, ẹ̀yìn tẹ̀lé e, ó rì. Taya ẹ̀yìn ń yí, ó ń ta ẹrẹ̀ sókè, a ò kúrò lójú kan.

"Fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i," ni Bàbá wí.

Mo fa ọwọ́ jíà kékeré. Mo ní ó ti wọlé, Bàbá. Mo tẹ iná, kò lọ. Wọ́n ní kí n tún un fà. Mo tún un fà, mo tún ní ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo purọ́ fún bàbá mi tí oró ejò ń gùn lápá, irọ́ tí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ká ní mo ti sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kíní, à bá ti máa rìn.

Wọ́n bá yọ orí síta lójú fèrèsé, wọ́n wo taya iwájú. Taya ẹ̀yìn ń pariwo, èyí tó wà níwájú dúró gbagidi. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fa orí wọlé, wọ́n wá wo èmi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò lè gbé tèmi sókè. Mo ń retí kí wọ́n bi mí, mo fẹ́ kí wọ́n bi mí, kí wọ́n gbá mi létí pàápàá. 

Wọ́n ní, "Pa á. Jẹ́ ká máa rìn."

A rìn ju wákàtí kan lọ. Nígbà tó yá, mo gbé wọn pọ̀n. Àgbà tó ti fìgbà kan rí gbé odindi àgbọ̀nrín lórí wálé, wọ́n fúyẹ́ lẹ́yìn mi. Apá náà ti wú dé èjìká, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lérìgì wọn. Ọlọ́kadà kan tó kó ẹ̀gẹ́ ló bá wa lọ́nà, ó da ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, ó gbé wa. Bàbá wà láàárín àwa méjèèjì, orí wọn wà léjìká ọlọ́kadà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí Bàbá lára, wọ́n rán èèyàn lọ wá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò láti ibòmíràn. Mo ti pe ilé, Màámi àti ìyàwó mi wọ bọ́ọ̀sì láti Okokomaiko, wọ́n bá wa níbẹ̀. Ojú Màámi ni dókítà ti bínú sí mi. Ó ní kí ló mú wa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé ká ní a tètè dé ni, ọ̀rọ̀ ò bá má rí báyìí. Mo la ẹnu. Bàbá ló dá a lóhùn lórí ibùsùn.

Wọ́n ní, "Ẹrẹ̀ ni, dókítà. Ọmọ mi gbìyànjú. Ẹrẹ̀ náà ló pọ̀."

Wọ́n yíjú sí Màámi, wọ́n tún un sọ pé ẹrẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò sọ ohun tó yé wa mọ́. Abẹ́rẹ́ dé, wọ́n fún wọn, kò ṣiṣẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kú.

Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn wá láti abúlé, wọ́n béèrè ẹni tó bá wọn wọ igbó. Mo ní èmi ni. Kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú, Màámi ti sọ fún wọn pé ẹrẹ̀ ni, ẹnu olóògbé fúnra wọn ló ti jáde. Àwọn ọdẹ mi orí, wọ́n kí mi, wọ́n ní mo ṣe ọmọ. Ìyàwó mi ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé bí jíìpù yẹn ṣe lágbára tó, ẹrẹ̀ ọ̀hún borí rẹ̀. Gbogbo wọn ń kí mi kú ìnáwó, kú ìrọ́jú. Mo ń dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo so ṣáàfù padà fúnra mi. Kò gbà mí tó àkókò tí mo fi ń jó ẹsẹ̀ géètì kan. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà sínú mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo wọlé tọ Màámi lọ. Wọ́n ń ká aṣọ Bàbá, wọ́n ń tò ó sínú àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, mi ò dìde. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ẹrẹ̀."

Ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ. Wọn ò wo ojú mi.

"Bàbá rẹ ní ẹrẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dágbére fún mi nìyẹn. Ṣé o fẹ́ wá sọ fún mi pé irọ́ ni bàbá rẹ pa kí wọ́n tó kú?"

Mo ní, "Rárá, Mà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ lọ. Wọ́n ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò, kí n lọ jẹun.