Ìyàwó Tuntun Kíláàsì Wa

Nígbà tí yunifásítì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ṣí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà sí Ìkirè, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ọ́fíìsì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ tó yẹ kí wọ́n pè é. Iṣẹ́ wa ni kí a rí i pé kò sí ẹni tó fẹ́ kàwé tí ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ síta: ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, onímọ́sáláṣí, onísùtánà, ẹni tó ti dàgbà àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ mí ní Àǹtí Gbogbo-Wa-Ni. Orúkọ náà mọ́ mi lórí débi pé ọkọ mi ń fi pè mí nílé nígbàkigbà tó bá fẹ́ kí n fi ẹran kún ọbẹ̀ òun.

Ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ la fi ṣe kíláàsì. Bí òjò bá rọ̀, òórùn kòkó á tún jí nínú ògiri. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé. Ọ̀sẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn ará Àpòmù ti bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ Ìkirè ni kíláàsì wà. Mo ní ó dáa, Àpòmù la ó ti máa ṣe ìdánwò. Àwọn ará Ìkirè bá ní ìdánwò gan-an ni orí iṣẹ́, a ti fi àwọn ṣe ìrù. Inú mi kì í pẹ́ bí, mo sọ fún wọn pé kí ẹni tó bá fẹ́ yunifásítì tirẹ̀ lọ ra bíríkì. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín, a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Kí n má purọ́, orí mi wú nígbà yẹn. Mo ti ní kí káfíńtà kan pákó sẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. A ń dá ẹ̀kọ́ dúró bí àkókò ìrun bá tó. Ẹní wà nílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì fún àwọn ọmọ ọwọ́. Mo gbà pé mi ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àgbàlagbà níwèé, ìyá kan wà láti Àpòmù tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Gaàrí ló ń tà lẹ́bàá títì. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e níyàwó, kò sì gbàgbé adùn rẹ̀. Ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí wa kó lè dá kíláàsì sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀, kó máa kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíkà àti kíkọ. Gbogbo àwọn tó kù nínú kíláàsì ló lè bí. Olùkọ́ wọn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Gbọ̀ngán, kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń gẹ̀ ẹ́. Bó bá yọ lókèèrè, ẹnìkan á ti sáré gba báàgì ọwọ́ rẹ̀. Àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù, tirẹ̀ ni. Bó bá wúkọ́, omi dé. Bí olùkọ́ bá ń bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́sẹẹsẹ, tó kan ìyá, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ sinmi," á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n, inú mi á dùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni wọ́n.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyá wọ ọ́fíìsì mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó.

"Àǹtí, wọ́n ń fi mí sílẹ̀."

Mo dìde. "Àwọn wo nìyẹn? Kí ni wọ́n fi yín ṣe?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Ọ̀rọ̀ sùnùkùn, ojú sùnùkùn la fi ń wò ó.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé," ló wí, "kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Bí mo bá kọ ìkọkúkọ, wọ́n á ní ìyá gbìyànjú. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn àlejò ń bọ̀ láti olú yunifásítì lópin ọdún, tí wọ́n máa bi wá ní ìbéèrè lójúkojú? Àwọn yẹn ò ní mọ̀ mí ní ìyá. Ẹnu mi á wúwo níwájú wọn. Tí wọ́n bá sì ṣàánú mi, tí wọ́n fún mi níwèé lásán, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíì? Mi ò wá jókòó sórí tìmùtìmù níbí o."

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí èmi ni mo ra tìmùtìmù náà.

Mo pe olùkọ́, mo sì pa á láṣẹ pé kó máa bi ìyá ní ìbéèrè bó ṣe ń bi àwọn yòókù. Ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì mà." Ní ọjọ́ kejì, mo fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o, tí kò bá ni yín lára, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀?" Kí ìyá tó la ẹnu, òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn, ó ní bí ìyá ṣe fẹ́ wí gan-an nìyẹn. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo fà á jáde, mo pariwo mọ́ ọn. Kò jiyàn. Ó ní, "Mà, tí mo bá sọ fún ẹni tó lè bí mi pé irọ́ ló ń pa lójú gbogbo ènìyàn, tí ìyá mi bá gbọ́ ní Gbọ̀ngán, mo gbé."

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Àpòmù láti lọ bẹ ìyá. Ìdí gaàrí rẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi dé, ẹni bí ogójì ọdún lé díẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ìyá ti kúnlẹ̀. "Akọ̀wé mi, ẹ káàbọ̀ o." Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, gaàrí tí o bù fún mi lánàá kan jù. Àwọn ọmọ ò lè mu ún." Ìyá tọrọ gáfárà, ó bu òmíràn fún un, ọkùnrin náà sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ìyá, ta lọmọ yẹn?"

"Àbúrò ọkọ mi ni. Lálẹ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, òun ló gbé fìtílà síwájú mi. Ọmọdé ni nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo bá a nílé. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, àgbà ìyàwó ni. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí, láti ọjọ́ yẹn títí dòní."

Mo ti mọ àṣà yìí láti kékeré. Èmi náà ní àwọn tí mo ń kúnlẹ̀ kí nílé ọkọ mi. Síbẹ̀, àfi bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Mo wojú ìyá.

"Àwọn wo lẹ bá ní yunifásítì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi fi etí ìborùn nu omijé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá ò wọlé tààrà. Ẹnu ọ̀nà ló kúnlẹ̀ sí, ó fi ìborùn bojú díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, mo kí yín o. Ìyàwó yín dé. Ẹ̀yin ni mo bá nílé, kí ẹ máa kọ́ mi níṣẹ́ ilé o." Ariwo sọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Olórí kíláàsì tí eyín rẹ̀ gún régé di Eyínmẹ́nugún. Pásítọ̀ ìjọ Aládùúrà kan tó kúrú di Bàbá Kékeré, ẹni tó rín jù lọ sì ni pásítọ̀ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ di Akọ̀wé. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá ọkọ mi, ẹ kú àbójútó." Ó sì fi bí ogún ọdún jù mí lọ!

Olùkọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ẹ dìde, kí ẹ sọ…"

Ìyá wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Àwọn wo lẹ ń bá wí, Akọ̀wé? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Ìyàwó," ó tún gbìyànjú, òógùn ti bò ó, "dìde. Dáhùn."

Ìyá dìde, ó dáhùn. Kò gbà á. Olùkọ́ ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó. Tún un rò." Ìyá sì tún un rò lórí ìdúró, ó sì gbà á. Àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà kò dà bí tàtẹ̀yìnwá.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ráńpẹ́, ìyá fìdí rẹmi. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì mi, mo ní ó ti parí, a ti ba ọkàn ìyá jẹ́. Àṣé dòdò Ìkirè ló gbé lọ́wọ́, èyí tó dúdú dáadáa, epo ṣì ń jáde lára bébà tí wọ́n fi dì í.

"Àǹtí, ó fèèlì mi!" Ijó ló ń jó. "Ó kà á, ó sì fi bíírò pupa já a wélewèle! Mo ra ti Akọ̀wé, mo ra tiyín."

A jẹ dòdò náà tán kí ó tó sọ fún mi ohun tí òun ò mọ̀ nínú ìdánwò náà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Láti ọjọ́ yẹn, òun àti Eyínmẹ́nugún jọ ń kàwé ní ìdí gaàrí, àwọn oníbàárà á sì dúró dè wọ́n.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, mo tún wà lẹ́yìn fèrèsé. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olórí wọn rí ìyá, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó, a ò ní dà yín láàmú."

"Ẹ bi mí, sà," ni ìyá wí.

Bàbá náà bi í pé bí àgbàlagbà kan bá ṣi ìwé kà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni ìyá máa ṣe kí ojú má baà tì í.

"Màá sọ fún un pé ó ṣì í, sà, màá ní kó tún un kà. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún pé ó ṣì í, wọ́n ti lé e jáde, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni."

Mo fi fèrèsé sílẹ̀, mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé kòkó. Ẹkún ayọ̀ ni.

Ìyá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Àpòmù. Nígbà tí ayẹyẹ parí, ó dúró níta nínú aṣọ oyè, olùkọ́ sì sáré wá bá a. "Ìyàwó, o kú oríire o!"

Ìyá gbé ojú lé e, kò rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wo? Mo ti jáde nílé yín."

Ó yé olùkọ́ kíákíá. Ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀ pupa, tòun taṣọ oyè rẹ̀. Ìyá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò láyà rẹ̀, ó sì pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.