Ilé Níwájú, Ibi Iṣẹ́ Lẹ́yìnkùlé

Bí ẹ bá dé Àgọ́-Ìwòyè tí ẹ bèèrè Sikira, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Ìyá Yàrá ni kí ẹ bèèrè. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wá ilé: ẹni tó fẹ́ sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n, ìyẹn yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, àti ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju yàrá kan ṣoṣo lọ nínú ilé tí ilẹ̀kùn ti kọjú síra wọn. Mo mọ onílé tó ń pariwo, mo mọ èyí tí kànga rẹ̀ máa ń gbẹ. Mo rò pé kò sí irú ayálégbé tí mi ò tíì rí, àfi ìgbà tí Kamau dé.

Kenya ni Kamau ti wá. Àwòrán ilé ló ń yà lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó wà lókè òkun, ibi tó bá sì ti ṣí kọ̀ǹpútà náà, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Báyìí ló ṣe ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n nítorí pé ó dúdú bíi tiwa, àwọn èèyàn rò pé ó ń díbọ́n ni.

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé, "Mọ̀mí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdákẹ́jẹ́ àti omi tí mo lè máa wò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Iná ńkọ́? Ó gbé sólà tirẹ̀ dání. Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun fẹ́ dán an wò fún oṣù kan. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbà á pátápátá. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di ilé bàbá ẹ̀.

Mo ní kékeré nìyẹn. Áà, ẹnu mi! A rìn títí bàtà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Onílé á bi mí pé, "Kí ló máa ń ṣe látàárọ̀?"

"Ó máa ń tẹ kọ̀ǹpútà, sà."

"Nínú yàrá? Gbájúẹ̀ ni. Ẹ máa lọ."

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá Aládùúrà kan tilẹ̀ bu omi àdúrà wọ́n ẹnu ọ̀nà bí a ṣe ń jáde. Kamau rò pé wọ́n ń kí i káàbọ̀ ni, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Mákùn-Omi la bá a dé. Bàbá kan wà níbẹ̀, apẹja tó ti fẹ̀yìntì, alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Yàrá rẹ̀ tó ṣófo kọjú sí ọ̀sà gan-an. Nígbà tí Kamau rí omi yẹn, kò lè pa ẹnu dé.

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìyá Yàrá, èmi kì í gba ẹni tó bá ń jókòó sílé o. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ṣé ọmọ yìí níbi tó ń rè láàárọ̀?"

"Ó ní in, Bàbá! Àràárọ̀ ló ń jáde."

Bàbá kó kọ́kọ́rọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò máa jáde lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kún fún ariwo ọmọdé, èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja sì fẹ́ fọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ìyàwó Bàbá, Màmá, ló rí mi tí mo ń làágùn, ó sì fọgbọ́n gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní àtíbàbà tó fi ń hun ẹní lẹ́yìnkùlé, Bàbá kì í sì í débẹ̀.

Bí Kamau ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Láràárọ̀ ló máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó máa ń gbé báàgì kọ́. Bàbá á wà lórí àga ní ìta, á ní, "Lọ 're, bọ̀ 're o!" Kamau á ní, "Àmín, Bàbá!" Á gba etí omi lọ, á yí po lẹ́yìn àwọn igi, á sì gba ẹ̀yìn wọ àtíbàbà, ní ẹ̀yìn ògiri Bàbá gan-an.

Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni òjò ńlá dé. Mo ti wá jókòó ti Màmá lábẹ́ àtíbàbà. Kamau ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn òyìnbó ń wo ilé tó yà. Àfi bí a ṣe gbọ́ ariwo létí omi. Bàbá ti mú agboòrùn lọ wá ayálégbé rẹ̀ níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó rí Kamau. Ló bá ké sí àwọn ọlọ́kọ̀ omi pé ọmọ ọlọ́mọ ti kó sómi! Wọ́n ti ń tú okùn ọkọ̀ nínú òjò.

Màmá sáré jáde. "Bàbá, ẹ dá wọn dúró! Ó wà lábẹ́ àtíbàbà mi!"

Bàbá wọlé bá wa, omi ń kán lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ̀rọ̀.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yìnkùlé mi ló ń rè látọjọ́ yìí?"

Màmá náà sọ tirẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi náà ńkọ́? Látìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi, ibí ni mo ti ń hun ẹní tí a fi tọ́ àwọn ọmọ. Ṣé mo ń jáde ni?"

Bàbá jókòó sórí ẹní, ó ń wo àwọn ilé tó ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ omi kan yọjú tó fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá fi ìka lé ètè.

Níkẹyìn, àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti gba Kamau! Mo fò sókè, Màmá gbá mi mú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àtíbàbà. Ìgbà náà ni Kamau yíjú, tó rí Bàbá.

Bàbá dìde. "Ìyá Yàrá, sọ fún un kó kó ẹrù rẹ̀, kó jáde."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú ọmọ náà fà ro, ó ti kọ̀ǹpútà bọ báàgì. Ojú tèmi náà kún fún omi.

"Sọ fún un pé ó ti ṣíwọ́," ni Bàbá tún wí. "Kó gba etí omi, kó yí po wá sí iwájú ilé. Èmi ń lọ jókòó. Ṣé ẹ̀yìnkùlé la ti ń kí òṣìṣẹ́ káàbọ̀ ni?"